Honda Accord 2005 tí ó ní nav: ṣé kí n yọ rédíò tí ó bá a wá kúrò ni, àbí kí n fi í sílẹ̀?

Ìyá-Ẹ̀jìrẹ́ (Ìbàdàn)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ àti ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́. Honda Accord 2005 ni mo ń wà, irú èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní "End of Discussion". Tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ni. Ẹ́ńjìnnì àti gíà rẹ̀ kò yọ mí lẹ́nu rí, AC rẹ̀ sì ń tutù dáadáa, nítorí náà n kò ní i lọ́kàn láti tà á. Ohun tí ó ń dà mí láàmú ni rédíò àti nav (ẹ̀rọ máàpù tí ń júwe ọ̀nà) tí ó bá a wá. Bí mo bá tẹ nav, ojú rẹ̀ yóò tàn, àmì ọkọ̀ yóò sì hàn, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà kan tàbí ìlú kan lórí máàpù náà rárá. Ọjọ́ tí ó ń kọ kò bá tiwa mu. Kò sí ihò tí mo lè ki fóònù bọ̀ kí n fi gbọ́ orin tàbí ìwàásù; CD nìkan ni ó ń gbà.

Mo máa ń lọ ra ọjà ní Èkó, àwọn àdúgbò tí n kò mọ̀ dáadáa níbẹ̀ ni mo sì ti nílò ohun tí yóò máa júwe ọ̀nà fún mi. Rewáyà kan ládùúgbò mi ní kí n jẹ́ kí òun tú gbogbo rẹ̀ dànù, kí òun sì fi rédíò Android olójú ńlá sí i. Ẹ̀rù ń bà mí, nítorí ojú kan náà tí nav wà ni mo ti ń rí bí AC ṣe tutù tó àti ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó náwó.

Ará-Múṣin

Ẹ kú ìrìn o, mà. Itòsí ọjà Ládípọ̀ ni mo ti ń ta rédíò ọkọ̀, mo sì gbà yín níyànjú pé kí ẹ ṣe é. Android tí ó ní férémù tirẹ̀ fún Accord 2003 sí 2007 wà lọ́jà, ojú rẹ̀ fẹ̀, ẹ ó lè lo Google Maps, ẹ ó lè fi Bluetooth gba ìpè láìfọwọ́ kan fóònù, ẹ ó sì lè so kámẹ́rà mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ kí ẹ máa rí ohun tí ó wà lẹ́yìn bí ẹ bá ń padà sẹ́yìn. Fún ìyá tí ó ń gbé ọmọ kiri, kámẹ́rà yẹn nìkan tó owó tí wọn yóò ná.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún ni irọ́ tí ó wà lára páálí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú yìí ni ó ń kọ iye RAM (ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́) tí kò ní sára rẹ̀, tàbí kí wọ́n yí orúkọ Android àtijọ́ padà kí ó lè dà bí tuntun. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó ń tà á tàn án níwájú yín, kí ó ṣí máàpù pẹ̀lú orin lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì wò ó bóyá yóò máa fà. Bí ó bá ń fà nínú ṣọ́ọ̀bù tí ó tutù, yóò burú jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ti pa.

Bàbá-Rewáyà (Abẹ́òkúta)

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Àbúrò mi ará Múṣin, ọ̀rọ̀ kámẹ́rà tí o sọ dára, mo sì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ìyá yìí kò tíì ní ìdáhùn, èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀ AC.

Nínú Accord tí ó jáde láàrin ọdún 2003 sí 2007, Honda kò ya rédíò sọ́tọ̀ kúrò lára AC. Férémù kan náà ni bọ́tìnnì àwọn méjèèjì wà, ojú kan náà sì ni wọ́n jọ ń lò. Èyí tí kò ní nav ní ojú kékeré tí ó ń fi rédíò àti AC hàn. Ní ti èyí tí ó ní nav, inú ojú ńlá yẹn ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹni tí ó bá fa ojú yẹn yọ láìní ohun tí yóò rọ́pò iṣẹ́ rẹ̀ ti fọ́ ọkọ̀ náà lójú ní ti AC: atẹ́gùn lè máa fẹ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí nọ́ńbà tí ẹ fi sí, ẹ kò sì ní mọ ibi tí ẹ darí rẹ̀ sí. Férémù tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ tí kò ní nav kò ṣe é fi sára èyí tí ó ní nav, nítorí bí wọ́n ṣe tò ó àti bí wáyà rẹ̀ ṣe rí kò dọ́gba. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ gbà nígbà tí òǹtajà bá kàn sọ pé ti Accord ni. Ẹ bi í pé ti onínav ni àbí ti aláìnínav, kí ẹ sì ní kí ó fi ibi tí bọ́tìnnì AC wà lára férémù náà hàn yín. Bí kò bá lè fi í hàn, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ohun kejì tí ń bí mi nínú ni gígé wáyà. Mo ti tún ọkọ̀ tí àwọn ẹlòmíràn bàjẹ́ ṣe púpọ̀. Wọ́n á gé sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó bá ọkọ̀ wá dànù, wọ́n á lọ́ wáyà pọ̀ pẹ̀lú ọwọ́, wọ́n á sì fi téèpù dì í. Ooru inú dáṣíbọ́ọ̀dù yóò yọ́ gọ́ọ̀mù téèpù náà, wáyà á tú síra wọn, fíúùsì á sì máa jó láìdáwọ́ dúró. Wáyà alásopọ̀ wà lọ́jà, èyí tí ìdí rẹ̀ kan wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì Honda, tí ìdí kejì sì wọ rédíò tuntun. Owó rẹ̀ kéré sí owó iṣẹ́ àtúnṣe, ó sì jẹ́ kí ẹ lè dá rédíò àtijọ́ padà lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ta ọkọ̀ náà. Rewáyà tí ó bá ní òun kò nílò rẹ̀, ẹ má ṣe gbé ọkọ̀ yín fún un.

Olùkọ́-Físíìsì (Ọ̀yọ́)

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ lórí ìdí tí máàpù fi ṣófo, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé nav náà ti bàjẹ́, tàbí pé sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà kò dé ilẹ̀ wa.

Sátẹ́láìtì GPS (èyí tí ẹ̀rọ fi ń mọ ibi tí ó wà) ń yí gbogbo ayé ká ní ìwọ̀n kìlómítà 20,200 sókè, ó sì dé Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí ó ṣe dé ìlú èyíkéyìí ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n máa ránṣẹ́ àkókò àti ibi tí wọ́n wà lọ. Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ni yóò gba ti sátẹ́láìtì mẹ́rin ó kéré tán, tí yóò sì fi ṣírò ibi tí òun wà. Ọ̀nà àti orúkọ ìlú kò wá láti ojú sánmà. Inú díísìkì DVD ni wọ́n wà, díísìkì tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà kò sì ní ọ̀nà Nàìjíríà kankan nínú. Nav ìyá Ẹ̀jìrẹ́ mọ ibi tí ó wà lórí ilẹ̀ ayé. Kò ní ìwé tí yóò fi kà á ni.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ní ìtàn tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ni GPS fi ń ka àkókò, kíkà àtijọ́ rẹ̀ kò sì lè kọjá ọ̀sẹ̀ 1,024, tí ó jẹ́ nǹkan bí ọdún 19 àti oṣù mẹ́jọ, kí ó tó padà sí òdo. Ó padà sí òdo ní Oṣù Kẹjọ ọdún 1999, ó sì tún padà ní Oṣù Kẹrin ọdún 2019. Ẹ̀rọ àtijọ́ tí a kò kọ́ bí yóò ṣe mọ ìyípo tí a wà yóò ka ọjọ́ sẹ́yìn. Nígbà tí ọdún 2022 bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ Honda àti Acura (ẹ̀ka Honda) tí ó ní nav, tí wọ́n jáde láàrin nǹkan bí ọdún 2004 sí 2012, ni aago wọn sáré padà sí ọdún 2002, ìròyìn rẹ̀ sì kárí ayé. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín láti pààrọ̀ ohunkóhun nítorí ọjọ́ tí kò bá tiwa mu.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí a bu ọlá fún nínú nav àtijọ́. Ó máa ń gba ìròyìn ìyára ọkọ̀ láti ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ní ohun tí ó ń mọ̀ bí ọkọ̀ bá ń yà. Èyí ni ó fi lè máa ṣírò ìrìn lọ nígbà tí kò bá rí ojú sánmà. Fóònù àti Android olówó pọ́ọ́kú kì í sábà ní ìrànlọ́wọ́ yẹn, nítorí náà bí ẹ bá wà lábẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gbà, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tó gba ohun tí ó bá sọ gbọ́.

Ìyá-Ẹ̀jìrẹ́ (Ìbàdàn)

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ férémù onínav yẹn ṣe pàtàkì, nítorí rewáyà ibí kò bi mí ní ìbéèrè náà rárá. Ìbéèrè méjì ni ó kù. Àwọn kan ní bí a bá yọ bátìrì Honda, rédíò yóò ti ara rẹ̀ pa, yóò sì máa béèrè nọ́ńbà. N kò ní ìwé ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Èkejì, bí mo bá fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ṣe wà, ọ̀nà wo ni mo lè gbà gbọ́ ohùn fóònù mi láti inú sípíkà ọkọ̀?

Ọmọ-Ẹ̀gbá (Houston)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ nọ́ńbà náà. Honda fi ààbò yẹn síbẹ̀ kí rédíò tí olè bá jí má ṣe wúlò fún un. Nọ́ńbà márùn-ún ni ti rédíò, nav sì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Wọ́n sábà máa ń lẹ nọ́ńbà náà mọ́ káàdì kékeré nínú ìwé ọkọ̀, ẹlòmíràn sì máa ń rí i lára ìlẹ̀kùn àpótí ìkẹ́rù-sí iwájú. Ẹ yẹ ibẹ̀ wò kí ẹ tó fọwọ́ kan bátìrì.

Bí ẹ kò bá rí i, Honda ti Amẹ́ríkà ní ojú-ewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń fún ọlọ́kọ̀ ní nọ́ńbà yìí lọ́fẹ̀ẹ́, bí ó bá ti ní nọ́ńbà VIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀) tí ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ rédíò náà. Lára ọ̀pọ̀ rédíò Honda ìgbà yẹn, bí ẹ bá pa rédíò, tí ẹ di bọ́tìnnì 1 àti 6 mú papọ̀, tí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì ìtanná rẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ yóò hàn lójú rẹ̀ láìtú ohunkóhun. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nísinsìnyí tí bátìrì yín ṣì wà níbi tí ó wà. Mo ní àwọn mọ̀lẹ́bí nílé tí rédíò wọn wà ní títì pa fún ìgbà pípẹ́ nítorí pé wọ́n pààrọ̀ bátìrì lójú ọ̀nà, mo sì kórìíra kí ènìyàn pàdánù rédíò tí ó dára nítorí nọ́ńbà márùn-ún.

Ní ti ìbéèrè kejì, rédíò irú ọkọ̀ yín ní sọ́kẹ́ẹ̀tì kan lẹ́yìn tí wọ́n pèsè fún àpótí CD alápapọ̀ (èyí tí ó ń gba CD púpọ̀) tàbí rédíò sátẹ́láìtì. Ẹ̀rọ Bluetooth kékeré wà tí ó ń wọ ibẹ̀, tí yóò sì jẹ́ kí rédíò rò pé àpótí CD ni òun ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ ó rí i pé ohùn rẹ̀ mọ́ ju ti ẹ̀rọ tí a ń fi sínú ihò ìtanná sìgá lọ, èyí tí ó ń fi ohùn fóònù ránṣẹ́ sí rédíò lórí FM. Ẹ sọ fún ẹni tí ó ń tà á pé onínav ni ọkọ̀ yín, nítorí kì í ṣe gbogbo irú rẹ̀ ni ó bá onínav mu.

Muscle-Òṣogbo

Camry 2007 ni tèmi, èyí tí à ń pè ní "Muscle", mo sì fi Android sí i. Ó rọrùn fún mi, nítorí AC Camry ní bọ́tìnnì tirẹ̀ lọ́tọ̀ nísàlẹ̀, rédíò rẹ̀ sì jẹ́ ìwọ̀n tí Toyota ń lò, mílímítà 200 ní ìbú àti 100 ní gíga, tí férémù rẹ̀ wà níbi gbogbo. Èyí tí ó ní sípíkà JBL nìkan ni ó gba ìṣọ́ra, nítorí ámpílífáyà rẹ̀ (ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn sókè) wà lọ́tọ̀, bí wọn kò bá sì so ó dáadáa, rédíò yóò tàn ṣùgbọ́n ẹ kò ní gbọ́ ohùn kankan. Mo sọ èyí kí ìyá wa má bàa fi ọkọ̀ ẹlòmíràn wọn tiwọn.

Ẹ̀rọ inú ihò ìtanná sìgá tí ẹ̀gbọ́n Houston mẹ́nu bà yẹn, ó ṣiṣẹ́ fún mi ní Òṣogbo, nítorí àyè ṣì wà lórí FM níbí. Bí mo bá ti ń sún mọ́ Èkó, iléeṣẹ́ rédíò pọ̀ débi pé kò sí ibi òfìfo tí ó lè dúró sí, Wazobia tàbí Faaji á sì gba orí orin mi kọjá.

Bàbá-Rewáyà (Abẹ́òkúta)

Ẹ̀yin méjèèjì sọ̀rọ̀ dáadáa. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wáyà kún un fún ẹnikẹ́ni tí yóò bá ka ibí yìí lọ́jọ́ iwájú, kódà bí ìyá Ẹ̀jìrẹ́ kò bá pààrọ̀ rédíò.

Lára ọ̀pọ̀ rédíò tí a ń rà lọ́jà, wáyà òféèfèé ni iná tí ó ti ara bátìrì wá nígbà gbogbo, pupa ni iná tí kọ́kọ́rọ́ ń tàn tí ó sì ń pa, dúdú ni ó ń lọ sí ara irin ọkọ̀. Àwọn kan máa ń so pupa àti òféèfèé pọ̀ kí iṣẹ́ lè yá. Rédíò náà yóò ṣiṣẹ́, òǹrajà yóò san owó, ṣùgbọ́n rédíò kò ní sùn ní òru, bátìrì yóò sì kú láàárọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fi rédíò tuntun sí ọkọ̀ yín, ẹ pa ọkọ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ fún un ní àkókò kí gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ sùn, kí rewáyà sì fi mítà wọn iná tí ó ń jáde lára bátìrì. Bí ó bá kọjá miliámpíà 50, nǹkan kan ṣì ń jẹ iná, kò sì gbọ́dọ̀ gba owó rẹ̀ títí yóò fi rí i.

Wáyà búlúù ni wọ́n máa ń gbàgbé jù. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni èríà wọn (ohun tí ó ń gba àmì rédíò) wà nínú gíláàsì ẹ̀yìn, ohun kékeré tí ó ń fún un lágbára sì nílò iná láti ara wáyà yìí. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, rédíò tuntun yóò máa ha, wọ́n á sì sọ pé ayédèrú ni ẹ rà. Bákan náà, ẹ rí i pé wọ́n kọ́ rédíò tuntun ní bọ́tìnnì orí sítíárìn, nítorí Android tí ó dára ní ibi tí a ti ń kọ́ ọ ní ìkọ̀ọ̀kan.

Mo fi ààbò parí rẹ̀. Àpò afẹ́fẹ́ ààbò ti ẹ̀gbẹ́ èrò wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù yẹn. Kí ẹnikẹ́ni tó tú u, kí ó yọ orí bátìrì, kí ó dúró fún ìṣẹ́jú 3 ó kéré tán, kí ó má sì fọwọ́ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ òféèfèé kankan.

Ará-Múṣin

Ẹ̀yin àgbà, mo gbọ́. Mo ṣì gbà pé Android dára fún ọkọ̀ tí AC rẹ̀ bá dá dúró bíi Camry, òun ni mo sì ń tà jù. Ní ti Accord onínav, n kò ní lè fi ọkàn tòótọ́ sọ pé kí ìyá wa rà á àyàfi tí mo bá rí férémù tí ó bá a mu ní ọwọ́ mi. Mà, bí ẹ bá fẹ́ kámẹ́rà ẹ̀yìn nìkan, dígí inú ọkọ̀ tí ó ní ojú kékeré nínú wà, ó ń bo dígí tí ẹ ti ń wo ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, kò sì kan rédíò rárá.

Ìyá-Ẹ̀jìrẹ́ (Ìbàdàn)

Ọkàn mi ti balẹ̀ báyìí. Mo rí káàdì nọ́ńbà náà nínú ìwé tí ó wà nínú àpótí iwájú, mo sì ti kọ ọ́ síbi méjì. N kò ní tú ojú nav náà. Ẹ̀rọ Bluetooth tí ó ń wọ ẹ̀yìn rédíò ni mo fẹ́, pẹ̀lú dígí oníkámẹ́rà tí àbúrò wa sọ. Fóònù mi ni yóò máa júwe ọ̀nà. Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ṣé dandan ni kí dátà wà lórí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà?

Olùkọ́-Físíìsì (Ọ̀yọ́)

Rárá o, mà. Gbígba àmì sátẹ́láìtì kò ná dátà. Ẹ lo íntánẹ́ẹ̀tì nílé láti fa máàpù Ìbàdàn, Ògùn àti Èkó sórí fóònù nínú Google Maps, tàbí kí ẹ lo Organic Maps, tí ó ń lo máàpù OpenStreetMap tí ó sì ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìròyìn sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ nìkan ni yóò nílò dátà, mo sì rò pé ó tọ́ kí ẹ tan dátà fún un bí ẹ bá ti kọjá Redemption City. Ẹ fi fóònù kọ́ ibi tí AC ti ń fẹ́ jáde, má ṣe jẹ́ kí ó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù níbi tí oòrùn yóò ti jó o, nítorí fóònù tí ó bá gbóná jù yóò pa ara rẹ̀. Kí ẹ sì kọ ibi tí ẹ ń lọ sínú rẹ̀ kí ẹ tó ṣí ọkọ̀.

Bàbá-Rewáyà (Abẹ́òkúta)

Owó tí ó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín, ẹ fi ra sípíkà. Bébà sípíkà tí ó bá ọkọ̀ ọdún 2005 wá sábà máa ń ti ya tàbí gbẹ báyìí, òun sì ni ó ń mú kí ohùn máa fọ́. Íńṣì 6 àbọ̀ ni ti ilẹ̀kùn, íńṣì 6 ní ìbú àti 9 ní gígùn sì ni ti ẹ̀yìn lábẹ́ gíláàsì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara ti ilẹ̀kùn iwájú, nítorí ibẹ̀ ni etí yín wà, wọn kò sì ní fọwọ́ kan dáṣíbọ́ọ̀dù láti ṣe é.